Ta Ló Láṣẹ Láti Ṣòfin? Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ Òyìnbó Náà, ‘Legislate’, àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Lò Ó

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó bá ń gbé l’Ékòó mọ̀ pé àárọ̀ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù kì í ṣe àsìkò tí èèyàn ń jáde nílé. Láti aago 7 títí di aago 10, ọ̀nà á dá páropáro, ọlọ́jà kò ní í pàtẹ, awakọ̀ á wá ibi pa mọ́tò sí, oníkálukú á sì máa gbálẹ̀ àyíká rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá mú lójú títì lásìkò náà á bá ara rẹ̀ níwájú adájọ́ kóòtù alágbèéká, á sanwó ìtanràn, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló ṣe, yóò ní òun rú òfin ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo aráàlú ń sọ ọ́: ìjọba ti ṣòfin pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe jáde.

Lọ́dún 2013, wọ́n mú obìnrin kan bẹ́ẹ̀, kóòtù sì dá a lẹ́bi. Obìnrin náà kò gbà. Ó pe ìjọba ìpínlẹ̀ lẹ́jọ́ pé wọ́n fi ẹ̀tọ́ òun dù òun. Ẹjọ́ náà ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí Adájọ́ Mohammed Idris ti ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l’Ékòó sọ lọ́dún 2015, nínú ẹjọ́ mìíràn tí agbẹjọ́rò kan pè, pé kò sí òfin kankan tó ní kí èèyàn má rìn lọ́jọ́ ìmọ́tótó. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 2016, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá obìnrin yìí láre. Ohun tí àwọn adájọ́ ń wá kò ju pé níbo ni wọ́n kọ òfin náà sí, ta ló sì ṣe é. Àṣẹ gómìnà nìkan ni wọ́n rí. Wọ́n ní àṣẹ gómìnà kì í ṣe òfin, kò sì sí ẹni tí wọ́n lè tìtorí rẹ̀ sọ di ọ̀daràn. Nínú oṣù yẹn gan-an ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fagi lé sísé àwọn èèyàn mọ́lé lọ́jọ́ ìmọ́tótó.

Ká ní èdè òyìnbó làwọn aráàlú fi ń sọ̀rọ̀ ni, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fura tipẹ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan wà nínú èdè náà tí kì í gba gómìnà, ọ̀gá ọlọ́pàá tàbí alága káńsù gẹ́gẹ́ bíi olùwà. Ọ̀rọ̀ náà ni ‘legislate’. Bí a bá ní ká túmọ̀ rẹ̀ ní kíákíá, ‘ṣòfin’ la máa sọ, a kò sì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ‘ṣòfin’ tí à ń sọ lójoojúmọ́ fẹ̀ ju ti òyìnbó lọ. Bàbá ń ṣòfin nínú ilé rẹ̀, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń ṣòfin, lándílọ́ọ̀dù ń ṣòfin fún ayálégbé. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ‘legislate’ bá wí. Ìgbìmọ̀ tí ìwé òfin gbé agbára náà lé lọ́wọ́ nìkan ló ń ṣe ohun tí ọ̀rọ̀ yìí ń sọ, ìwé ló sì ń fi í ṣe, kì í ṣe ẹnu lásán.

Èdè Látìn ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ní ọ̀rọ̀ méjì tí wọ́n so pọ̀: ọ̀kan túmọ̀ sí òfin, èkejì túmọ̀ sí ẹni tó gbé nǹkan wá. Ẹni tó gbé òfin wá ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ìyẹn ìjòyè tó gbé àbá síwájú àpéjọ àwọn ọmọ ìlú kí wọ́n lè dìbò lé e. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tó gbé e wá kọ́ ló ń sọ ọ́ di òfin. Àpéjọ ló ń ṣe ìyẹn. Orúkọ aṣòfin yìí ni àwọn òyìnbó kọ́kọ́ yá, ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n tó ti inú rẹ̀ yọ ọ̀rọ̀-ìṣe jáde. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ inú ọ̀rọ̀ náà kò fi kúrò lára ẹni tó ń ṣe é. Ó sì dùn mọ́ni pé Yorùbá náà kì í sọ̀rọ̀ òfin kó má gbé nǹkan: à ń gbé àbá òfin kalẹ̀, à ń gbé e wọ ilé, à ń gbé e yẹ̀ wò. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa ní Látìn kí á tó máa sọ bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó nínú gbólóhùn náà tún jọ tiwa. ‘Ṣe’ àti ‘òfin’ ló para pọ̀ di ‘ṣòfin’, àbọ̀ rẹ̀ ti wà nínú rẹ̀, nítorí náà ẹnikẹ́ni kì í sọ pé ilé ‘ṣòfin òfin kan’. Bákan náà ni ‘legislate’ rí. Òfin ti wà nínú rẹ̀, àṣìlò ni tí akọ̀wé bá tún fi òfin ṣe àbọ̀ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a máa ń rí i nínú ìwé ìròyìn òyìnbó nílẹ̀ yìí. Atọ́kùn ló máa ń tẹ̀ lé e, atọ́kùn yẹn ló sì ń tọ́ka ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Tó bá jẹ́ ‘on’, ṣíṣòfin lórí nǹkan ni. Tó bá jẹ́ ‘against’, ṣíṣòfin tako nǹkan ni, bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ṣe ṣòfin tako kíkó èèyàn ṣòwò lọ́dún 2003. Tó bá jẹ́ ‘for’, ó lè jẹ́ ṣíṣòfin fún àwọn èèyàn kan, ó sì tún lè jẹ́ pé aṣòfin ti ro ti nǹkan mọ́ òfin rẹ̀ ṣáájú kó tó ṣẹlẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ dárúkọ òfin kan pàtó gbọ́dọ̀ wá ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn, ibí yìí sì ni àwọn akọ̀ròyìn ti máa ń ṣubú. ‘Pass’ ni ti ilé ìgbìmọ̀ nìkan: wọ́n ti dìbò, wọ́n ti fọwọ́ sí àbá náà. ‘Enact’ ni ti gbogbo iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: àbá ti di òfin pátápátá. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì fẹ̀. Lọ́dún 2018, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ fọwọ́ sí àtúnṣe òfin ìdìbò, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti ń sọ pé òfin ìdìbò tuntun ti dé. Ààrẹ Muhammadu Buhari kò buwọ́ lù ú. Òfin ọdún 2010 ni wọ́n fi dìbò lọ́dún 2019, àfìgbà tí Buhari buwọ́ lu òfin ìdìbò mìíràn lọ́jọ́ 25, oṣù kejì, ọdún 2022. Láàárín ọdún yẹn sí ọdún yìí, ilé ‘pass’ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò ‘enact’ nǹkan kan.

Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 la ọ̀nà náà sílẹ̀. Abala 4 rẹ̀ gbé agbára òfin ṣíṣe fún orílẹ̀-èdè yìí lé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ lọ́wọ́, èyí tí aṣòfin àgbà 109 àti aṣojú-ṣòfin 360 wà nínú rẹ̀. Ó sì gbé ti ìpínlẹ̀ lé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ lọ́wọ́. Abala 58 ló sọ bí ti àpapọ̀ yóò ṣe rìn, abala 100 ló sọ ti ìpínlẹ̀. Wọ́n á ka àbá náà lẹ́ẹ̀kíní, kíkà lásán ni. Ìgbà kejì ni àríyànjiyàn ń wáyé lórí bóyá ó dára tàbí kò dára. Lẹ́yìn náà ni yóò lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ kékeré, níbi tí wọ́n ti máa ń pe aráàlú wá sọ tẹnu wọn, tí wọ́n á sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́sẹẹsẹ. Bó bá padà wálé, wọ́n á kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹni tó bá ní ohun tó ń dùn ún nínú àbá òfin kan, tó dúró títí wọ́n fi kà á lẹ́ẹ̀kẹta, ti pẹ́ jù. Ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ kékeré ló yẹ kó lọ, ọ̀pọ̀ aráàlú kò sì mọ̀.

Lẹ́yìn kíkà kẹta, àbá náà á lọ sọ́wọ́ ààrẹ tàbí gómìnà, tó ní ọjọ́ 30 láti buwọ́ lù ú tàbí kó kọ̀. Bó bá kọ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin lè sọ ọ́ di òfin láìsí ìbuwọ́lù rẹ̀. Èyí kì í ṣe ohun tó wà nínú ìwé nìkan. Lọ́dún 2000, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ kọ̀ láti buwọ́ lu àbá tó dá àjọ ìdàgbàsókè Niger Delta sílẹ̀ bí wọ́n ṣe gbé e wá, àwọn aṣòfin sì fi ìbò wọn sọ ọ́ di òfin. Nítorí náà, bí òyìnbó bá sọ pé ààrẹ ‘legislate’, àṣìsọ ni. Ìbuwọ́lù rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tó ń gbé àbá débi tí yóò ti di òfin, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n nílò rẹ̀.

Nǹkan mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ náà ń béèrè: bí ìgbìmọ̀ tilẹ̀ lágbára òfin, ṣé orí ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n fún un lágbára? Lọ́dún 2003 kan náà, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé. Ọ̀pọ̀ òbí àti olùkọ́ rò pé gbogbo ìlú ni ó ti dé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọdé jẹ́ ti ìpínlẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, nítorí náà ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní láti ṣe tirẹ̀ kí òfin náà tó lè múlẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló gbà kí àwọn ìpínlẹ̀ kan tó ṣe é.

Ilẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lọ́dún 2020, lórí ọ̀rọ̀ Àmọ̀tẹ́kùn. Àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Òǹdó àti Èkìtì, ṣe ìfilọ́lẹ̀ ẹ̀ṣọ́ náà nílùú Ìbàdàn lọ́jọ́ 9, oṣù kìn-ín-ní. Ọkọ̀ wà nílẹ̀, ọ̀kadà wà nílẹ̀, inú ìlú dùn, nítorí pé àwọn ajínigbé ti sọ ọ̀nà oko àti ọ̀nà ìrìn-àjò di ibi ẹ̀rù. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà ni mínísítà fún ètò ìdájọ́ nígbà náà, Abubakar Malami, ní ẹ̀ṣọ́ náà kò bófin mu, pé kò sí ìpínlẹ̀ tó lágbára láti dá irú rẹ̀ sílẹ̀. Inú bí ọ̀pọ̀ èèyàn gidigidi. Àwọn kan ní ìjọba àpapọ̀ fẹ́ kí wọ́n máa pa Yorùbá lọ ni.

Bí ìbínú yẹn ṣe tọ́ tó, ohun kan kù díẹ̀ káàtó nínú ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀: ìfilọ́lẹ̀ kì í ṣe òfin. Àwọn gómìnà mẹ́fà tó jókòó pọ̀ ti fẹnu kò, wọ́n ti náwó, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ tí yóò máa dá èèyàn dúró lọ́nà, tí yóò máa mú ọ̀daràn, gbọ́dọ̀ ní òfin tó dúró lé. Lọ́jọ́ 23 oṣù náà, àwọn gómìnà ṣèpàdé pẹ̀lú Igbákejì Ààrẹ Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò àti Malami l’Ábújà, ibi tí wọ́n fi àdéhùn sí ni pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ ṣòfin tirẹ̀. Kí oṣù kẹta tó parí, àwọn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti ṣe iṣẹ́ náà. Ti Èkó yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé ìpínlẹ̀ náà ti ní òfin tó dá ẹ̀ṣọ́ àdúgbò sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, àtúnṣe ni wọ́n ṣe sí i kí Àmọ̀tẹ́kùn lè wọ inú rẹ̀. Òfin mẹ́fà ló wà, kì í ṣe ẹyọ kan. Kò sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Yorùbá lápapọ̀ tó lè ṣe ẹyọ kan fún gbogbo wọn.

Ó yẹ kí èèyàn bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí a fi ń gbọ́ àṣẹ tí a ń pè é ní òfin láìjanpata. Ọ̀rọ̀ àwọn ológun kò ṣeé fo níbẹ̀. Láti ọdún 1966 sí 1979, àti láti ìparí ọdún 1983 sí 1999, kò sí kíkà kìn-ín-ní, kò sí kíkà kejì fún èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àkókò náà. Ìwé tí ìjọba ológun bá gbé jáde ni ‘decree’, tí gómìnà ológun bá gbé jáde ni ‘edict’. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978, èyí tó fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà, tó sì ń da ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí rú títí dòní, irú ‘decree’ bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí ilé aṣòfin kankan tó jíròrò lé e lórí. Ìwé òfin 1999 ló wá sọ pé kí á máa ka irú àwọn òfin bẹ́ẹ̀ sí èyí tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe. Ọmọ tí kò jáde láti inú ilé náà ni, orúkọ ilé ni wọ́n sì fún un.

Àwọn adájọ́ gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan láti fi ààlà sí i. Nínú ẹjọ́ Lakanmi, tó wá láti ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ní oṣù kẹrin ọdún 1970 pé ‘decree’ tó dárúkọ àwọn èèyàn kan láti fìdí gbígbẹ́sẹ̀ lé dúkìá wọn múlẹ̀ kì í ṣe òfin ṣíṣe rárá, ìdájọ́ ni. Ìtumọ̀ èyí ni pé òfin máa ń sọ ìwà tó burú àti ìyà tó tọ́ sí i fún gbogbo èèyàn, ilé-ẹjọ́ ló ń sọ pé Lágbájá ló hùwà náà. Àwọn ológun fèsì lóṣù tó tẹ̀ lé e: wọ́n gbé ‘decree’ mìíràn jáde, nọ́ńbà 28, tó sọ ìdájọ́ náà di asán. Ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà ni ogun ìwà àìbọ́wọ̀fófin tí Buhari àti Ìdíàgbọn gbé dìde tún bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú tító lórí ìlà àti kóbókò. Àṣà pé kí ìjọba pàṣẹ kí aráàlú sì sá wọlé, ibẹ̀ ló ti rí ẹsẹ̀ dúró.

Kí ẹnikẹ́ni má wá rò pé gbogbo àṣẹ aláṣẹ ni kò ní láárí. Lọ́jọ́ 30, oṣù kẹta, ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà dé, Buhari buwọ́ lu ìlànà kónílé-ó-gbélé fún Èkó, Ògùn àti Abújà. Àwọn kan yára mẹ́nu ba ẹjọ́ ìmọ́tótó, wọ́n ní àṣẹ ẹnu ni. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bákan náà. Òfin kan wà láti ọdún 1926 lórí ìséra-ẹni-mọ́lé nítorí àjàkálẹ̀ àrùn, ó sì fún ààrẹ lágbára láti ṣe ìlànà nírú àsìkò bẹ́ẹ̀. Ààrẹ kò ṣòfin lọ́jọ́ náà, òfin tó ti wà nílẹ̀ láti ayé òyìnbó amúnisìn ló gùn lé. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti Sátidé Èkó ni pé bí a bá tọpa ọ̀kan, yóò gbé wa dé ìwé òfin, bí a bá tọpa èkejì, ẹnu gómìnà la máa bá a.

Ìwé yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Abala 36 ìwé òfin 1999 sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn àfi tí òfin tí wọ́n kọ sílẹ̀ bá sọ ohun tí ẹ̀ṣẹ̀ náà jẹ́ àti ìyà tó wà fún un. Ìlànà náà ti wà láti ìgbà òmìnira. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ òfin ló mọ ẹjọ́ ọdún 1961 kan, níbi tí kóòtù ìbílẹ̀ ti dá obìnrin kan lẹ́bi panṣágà. Ilé-ẹjọ́ gíga fagi lé e, nítorí pé kò sí òfin kankan tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní gúúsù ilẹ̀ yìí tó sọ panṣágà di ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn. Adájọ́ kò sọ pé ìwà náà dára. Èèwọ̀ lè wà, ìtìjú lè wà, ṣùgbọ́n a kò lè tìtorí wọn fi èèyàn sẹ́wọ̀n. Láti inú irú èyí ni òyìnbó ti máa ń sọ pé èèyàn kò lè ‘legislate’ ìwà rere, níbi tí wọ́n ti mọ̀ọ́mọ̀ fún ọ̀rọ̀-ìṣe náà ní àbọ̀ kí ó lè ta létí. Ó tún ní bí wọ́n ṣe ń fi í bú adájọ́: tí wọ́n bá ní adájọ́ kan ń ‘legislate’, wọ́n ń sọ pé ó ti kúrò lórí ìdájọ́, ó ti lọ jókòó sáàárín àwọn aṣòfin láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dìbò fún un.

Yorùbá kò ṣàìní ọ̀rọ̀ tí yóò fi ya nǹkan wọ̀nyí sọ́tọ̀. A ní òfin, a ní àṣẹ, a ní ìlànà, a ní ìkéde, a ní èèwọ̀, ọ̀kan kì í ṣe èkejì. Àwọn baba wa náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọba nìkan kò tó: Aláàfin ní Ọ̀yọ́ Mèsì tí Baṣọ̀run ń ṣe olórí wọn, ó sì ní láti fikùn lukùn pẹ̀lú wọn. Ìwé òfin 1999 tilẹ̀ fàyè gba èdè wa nídìí iṣẹ́ yìí. Abala 55 sọ pé wọ́n lè lo Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì tí ètò bá ti wà fún un, abala 97 sì gba ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ láyè láti lo èdè ìpínlẹ̀ náà tí wọ́n bá fẹnu kò sí i. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó ti fi Yorùbá jíròrò lọ́jọ́bọ̀.

Nítorí náà, akọ̀ròyìn tó ń túmọ̀ ìròyìn láti Gẹ̀ẹ́sì lórí rédíò kò níṣòro ọ̀rọ̀. Bí gómìnà bá ní kí ọjà má ṣí, gómìnà pàṣẹ ni. Bí aṣòfin kan bá gbé ìwé wá, ó gbé àbá òfin kalẹ̀ ni. Bí wọ́n bá dìbò lẹ́yìn kíkà kẹta, ilé fọwọ́ sí àbá náà ni. Ọjọ́ tí gómìnà bá buwọ́ lù ú, tàbí tí ìdá méjì nínú mẹ́ta bá borí rẹ̀, ni àbá di òfin. Ìgbà yẹn nìkan ni ẹni tí wọ́n bá mú lójú títì lè sọ ní tòótọ́ pé òun rú òfin.